Abẹ́rẹ́ Fúlúù Tí Ìyá Mi Gbà

Ní ọdún 2014, mo ṣe ìlérí kan fún ìyá mi, ìlérí náà kò sì ṣẹ. Kì í ṣe owó ni mo ṣèlérí fún un, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aṣọ. Ìlera ni mo ṣèlérí, ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ aráyé kan láti fi ṣèlérí fún ẹnì kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, ó sì ti mọ́ àwa olùkọ́ lára láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí a bá ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí ara pátákó ti di òfin.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú London, bí ọmọ rẹ̀ kẹta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìyá mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun kí ó tó di ẹrù rẹ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní bímọ sí ìlú òtútù kí ó má rí ẹni bá a wẹ ọmọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ní ìgbà náà. Aránṣọ ni, ó ti ń rán aṣọ ní Ọ̀ṣogbo kí a tó bí mi, ilé tí a kò ti lè rí aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ rán kò sì pọ̀ ní àdúgbò wa. Ó kó ọṣẹ dúdú, òrí àti èlùbọ́ sínú àpò, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó jẹ́ kí àwọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi ń dènà influenza, àìsàn tí àwọn ará wa tí ń gbé ọ̀hún gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí fúlúù. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ara òun le koko, òun kò sì rí ìdí tí a ó fi gún ẹni tí kò ṣàìsàn ní abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ di tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ó ní, "Bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ." Mo sì bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà. Àjẹsára ni. Bí ẹ bá ti gbà á, fúlúù kò ní lè ṣe yín."

"Kò ní lè ṣe mí rárá?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dára. Bí tíṣà bá ti sọ ọ́, ó parí."

Ó gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní ọdún 2015, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi dún. Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní òkèèrè mọ bí ìpè òru ti máa ń dún létí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ara ìyá mi ti ń gbóná. Gbogbo eegun ń ro ó, ikọ́ kò jẹ́ kí ó sùn, oúnjẹ kò lọ ní ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti rò pé òtútù lásán ni, títí di ìgbà tí mímí fi di iṣẹ́ fún un. Àwọn dókítà ní àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò fi hàn pé fúlúù ni, irú èyí tí a ń pè ní A(H3N2).

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn náà. N kò lè ròyìn bí èmi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ní Ọ̀ṣogbo. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe, n kò sì mọ òwe tí mo ń pa. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ó tó lè sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ sí i létí. Ohùn rẹ̀ ti há. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ:

"Àkànní, ṣé o ní kò ní lè ṣe mí?"

N kò rí èsì fún un.

Nígbà tí ẹ̀rù lọ tán, inú ni ó bí mi. Mo rò pé oògùn tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n gún un, tàbí pé nítorí pé àlejò ni, èyí tí kò dára ni wọ́n yọ fún un. Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Ta ni ó sọ fún ọ pé kò ní lè ṣe wọ́n? Ohun tí èmi sọ fún ọ ni pé ó ń dín ewu kù. Ìwọ ni o sọ ọ́ di kò ní lè ṣe." Òótọ́ ni ó sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Kí ni àjẹsára? Ohun tí a jẹ sí ara ni. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá jẹ àjẹsára ti jẹ ẹ́ tán; wọ́n gbà pé májèlé kò ní ràn án, oró kò sì ní mú un. Àjẹsára kì í ṣe ohun tí ń jẹ́ ní èṣí kí ó má jẹ́ ní ọdún yìí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àwọn òyìnbó dé, orúkọ yìí ni a rí fún un, orúkọ náà sì yẹ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lẹ́ẹ̀kan, ààbò rẹ̀ lè bá a dé ọjọ́ ogbó. Ti ìgbóná lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lé àrùn náà kúrò lórí ilẹ̀ ayé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ti fúlúù yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kò sì fi ìyàtọ̀ náà hàn. Kí n tó lè tọrọ àforíjì, mo ní láti mọ ohun tí mo ń tọrọ rẹ̀ fún. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Fúlúù kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà tí ó ti lọ a máa sọ̀rọ̀ lukuluku, àrùn tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, tí ó sì bá àwọn èrò wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ó pa ní gbogbo ayé tó 50 mílíọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń fà á ní ìgbà náà. Ọdún 1933 ni ọwọ́ tó tẹ kòkòrò rẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní London, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, mú omi tí aláìsàn fi fọ ọ̀fun, tí wọ́n sì kán an sí imú ferret, ẹranko kékeré kan tí ara rẹ̀ gùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹranko náà dùbúlẹ̀ àìsàn bí ènìyàn. Ó ń sín, imú rẹ̀ ń ṣomi, ara rẹ̀ ń gbóná. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́. Àfi bí ó ti di ọdún 1947 tí abẹ́rẹ́ náà kò dá nǹkan kan dúró mọ́. Oògùn kò bàjẹ́. Kòkòrò ni ó ti yí padà.

Nígbà tí mo ka ibí yìí ni mo pa ìwé dé. Ohun tí ó ṣe ìyá mi ti ṣe àwọn ọmọ ogun kí a tó bí mi, èmi sì ń wí pé wọ́n ta oògùn kíkú fún wa.

Ara kòkòrò fúlúù kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́, oríṣi méjì sì ni ẹ̀gún yìí. Àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà H àti N pè wọ́n. H ni kòkòrò náà fi ń so mọ́ ara wa kí ó lè wọlé. N ni ó fi ń já ara rẹ̀ gbà nígbà tí ó bá ti bí sí i tán, tí ó fẹ́ lọ sí ibòmíràn. Bí a bá gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a kọ́ láti dá àwọn ẹ̀gún náà mọ̀, H pàápàá, bí ọdẹ àdúgbò ti ń dá ojú olè mọ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kì í bí bí ẹran ti ń bí. Ńṣe ni ó ń da ara rẹ̀ kọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da iṣẹ́ kọ láti ara pátákó, kì í sì í padà ka ohun tí ó kọ. (Mo mọ àwọn kan ní kíláàsì mi tí wọ́n jọ ọ́.) Àṣìkọ a pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní láárí, òmíràn tilẹ̀ ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìkọ kan a yí ìrísí ẹ̀gún H padà níwọ̀n tí ọdẹ yóò fi wo olè lójú tí kò ní mọ̀ pé òun ni. Èyí tí a kò dá mọ̀ ni ń ríbi ràn, òun náà ni yóò sì gba ipò ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ń ṣọ́ kòkòrò náà láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún 1948, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ibi ìṣọ́ kan ní London. Ní ọdún 1952 wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú di àkójọ ilé àyẹ̀wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí ó ti wá ju 120 orílẹ̀-èdè lọ. Wọ́n ń fi òwú nu imú àti ọ̀fun àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń fi kòkòrò tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí àwọn ilé àyẹ̀wò ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ti ọdún yìí ṣì jọ ti èṣí. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wò ó dùn mọ́ mi. George Hirst, ará Amẹ́ríkà, ni ó kíyèsí i ní ọdún 1941 pé kòkòrò fúlúù a máa so ẹ̀jẹ̀ adìẹ pọ̀. Nítorí náà, wọn a mú omi ẹ̀jẹ̀ ferret tí ó ti ṣe fúlúù èṣí, wọn a pò ó mọ́ kòkòrò tuntun, wọn a sì da ẹ̀jẹ̀ adìẹ lé e. Bí omi ẹ̀jẹ̀ náà bá mọ kòkòrò, yóò dì í mú, ẹ̀jẹ̀ adìẹ a sì rọra tòrò sí ìsàlẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kòkòrò a so ẹ̀jẹ̀ adìẹ náà pọ̀. Wọn a máa là omi ẹ̀jẹ̀ ferret náà lé ara wọn títí wọn yóò fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ tán sí. Bí agbára náà bá fi ìlọ́po mẹ́jọ dín sí ti tẹ́lẹ̀, wọn a ní kòkòrò náà ti di ẹlòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn onímọ̀ ń pàdé lọ́dún láti yan ẹ̀yà tí a ó fi ṣe abẹ́rẹ́: ní oṣù Kejì fún àwọn ìlú tí ó wà ní àríwá ayé, ní oṣù Kẹsàn-án fún àwọn tí ó wà ní gúúsù. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó jọ oríkì, nítorí pé ó ń sọ ìran rẹ̀, ibi tí a ti rí i, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, èyí tí wọ́n yàn fún H3N2 ni A/Texas/50/2012. Kò sí àṣìṣe nínú yíyàn náà. Òun ni ó jọ àwọn tí ń rìn káàkiri ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn kan tí ojú wọn ti yàtọ̀. Títí di oṣù Kẹsàn-án, àwọn àjèjì wọ̀nyí ti pọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé láti yan ti gúúsù fún ọdún 2015, A/Switzerland/9715293/2013 ni wọ́n mú, wọ́n fi ti Texas sílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gún ìyá mi. Abẹ́rẹ́ ti Texas ni, nítorí pé òun ni wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún àríwá, kò sì sí àkókò mọ́ láti ṣe òmíràn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò àárín ọdún. Wọ́n ní nínú 100 ènìyàn tí fúlúù ìbá gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, 3.4 péré ni abẹ́rẹ́ yọ. Mo gbé ìròyìn yìí lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ bí ẹni gbé àsíá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní owó òfò ni, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọdún fúlúù náà parí, tí wọ́n kó àwọn aláìsàn púpọ̀ sí i jọ, tí wọ́n tún un ṣírò, ó di nǹkan bí 34 nínú 100. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà, 19 ni. N kò gbé èyí lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Mo kàn kà á ní ilé ni.

Ìyá mi padà dé ní oṣù Kẹrin. Ó ti rù, ìró rẹ̀ ń yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde, ó ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò dáhùn ìbéèrè tí òun bi mí. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti H, mo sọ ti N, mo sọ ti ferret. Ó ń wò mí bí ẹni tí ń wo òyìnbó tí kò lédè.

Bí a ti wà níbẹ̀ ni obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wọlé. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ nínú ẹbí wọn ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, ó sì fẹ́ kí a tètè rán ti ọmọ náà kí iṣẹ́ tó pọ̀. Ìyá mi fa téèpù rẹ̀ yọ láti ọrùn, ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wọn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka díẹ̀ kún gbogbo rẹ̀, ó ní, "Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ọ̀la. Ọmọ yìí yóò ga. Èmi yóò ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, bí ó bá kúrú, a ó tú u."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, òun fúnra rẹ̀ ni ó yíjú sí mi. "Ṣé irú èyí ni ohun tí ò ń wí látàárọ̀?"

"Irú rẹ̀ gan-an ni, Màmá. Oṣù Kejì ni wọ́n wọn ọmọ, oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbé aṣọ wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti ga ju bí wọ́n ti rò lọ."

"Ó ga jù fún etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ sínú."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ó bo ibì kan, kò bo ibì kan."

Láti ìgbà náà lọ, èmi ni mo di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní èé ṣe tí wọn kò dúró di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó wọn ọmọ? Mo ní ẹyin ni. Ẹyin adìẹ ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ yìí: ẹyin tí àkùkọ gùn, tí ọmọ inú rẹ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Wọn a lu ihò sí i lára, wọn a fi kòkòrò sí i, kòkòrò a bí sí i nínú omi ẹyin náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a fa omi náà jáde, wọn a pa kòkòrò inú rẹ̀, wọn a sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń jẹ ẹyin kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti yan ẹ̀yà títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé ilé oògùn tó oṣù mẹ́fà. Mo sọ fún un nípa Maurice Hilleman, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ka nínú ìwé ìròyìn ní oṣù Kẹrin ọdún 1957 pé fúlúù ń dà Hong Kong láàmú, tí ó mọ̀ pé yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ó sì ní kí a kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ kí wọ́n má ṣe pa àwọn àkùkọ wọn, kí ẹyin má baà tán. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé. Ó ní, "Ẹ ò rí i, àkùkọ tí à bá fi ṣe ọbẹ̀!"

Mo tún sọ ti ọdún 2003 fún un. Ní ọdún náà, àwọn onímọ̀ rí ẹ̀yà tuntun, A/Fujian/411/2002, kí ó tó tàn ká. Wọ́n mọ̀ pé ó lè di èyí tí yóò jọba. Wọ́n tilẹ̀ sún ìpinnu síwájú di oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n wọn kò rí èyí tí ó ṣe é lò tí ó gbà láti dàgbà nínú ẹyin ní àkókò, wọ́n sì padà sí ti àtijọ́, A/Panama/2007/99. Fujian ni ó sì wá jà ní ìgbà òtútù náà.

"Aṣọ wà tí ẹ̀rọ kì í gbà," ni ó wí. "Ènìyàn a ní i lọ́wọ́, kò ní lè rán an."

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti mọ̀ lọ, nítorí pé kòkòrò tí ó bá gbé inú ẹyin a máa kọ́ ìṣe inú ẹyin. Ẹ̀gún rẹ̀ lè yí díẹ̀ kí ó lè bá ibẹ̀ mu, èyí tí a ó gún wa kò sì ní jọ èyí tí ń bẹ níta mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí H3N2 ju àwọn yòókù lọ. Nítorí ìdí yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe abẹ́rẹ́ láìlo ẹyin. Láti ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà ti fi àṣẹ sí irú rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni ó le jù. Ìyá mi ká téèpù rẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí ó ga, ọmọ kan náà ni. Bí ó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n wá gbé ọmọ ẹlòmíràn wá ńkọ́?" Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Kòkòrò fúlúù ń bẹ lára ẹyẹ, ó ń bẹ lára ẹlẹ́dẹ̀. Bí oríṣi méjì bá pàdé nínú ara kan, wọ́n lè pa ogún ara wọn pọ̀, kí wọ́n sì bí èyí tí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Báyìí ni ti ọdún 1957 ṣe dé, àti ti 1968. Ti 2009 ni èmi àti òun jọ rántí. Oṣù Kẹrin ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò jáde ní Amẹ́ríkà títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí àrùn náà ti wà ní gbogbo ìlú. Ìyá mi mi orí. Ó ní nígbà náà, àwọn aránṣọ yẹn ń gbìyànjú.

Ní ọdún 2018, ọmọ tí ó lọ wẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi sì tún ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ó lọ ní oṣù Kẹwàá. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè mí. Èmi ni mo pe òun. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ lò lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Màmá, bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà, fúlúù ṣì lè ṣe yín. Ṣùgbọ́n àyè tí yóò rí yóò dín, bí ó bá sì rí àyè, ó ṣeé ṣe kí ó má tó ti ìjọ́sí. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìlà ti já. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Èyí dára ju ti ìṣáájú lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ròyìn ìyókù fún mi. Ọdún náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó ti tó ẹni ọdún 65 ní irú abẹ́rẹ́ kan tí a fi èròjà kún kí ẹ̀jẹ̀ àgbà lè tètè jí sí i. Nígbà tí ọkùnrin tí ó fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ bi í bóyá ó ní ìbéèrè, ìyá mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun: oṣù wo ni wọ́n wọn aṣọ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ti òun láti túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní oṣù Kejì. Ìyá mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nísinsìnyí, kò rìn ìrìn àjò mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń pè ní aránṣọ mi. Mo sọ fún un pé ìdílé kan wà nínú fúlúù B, tí a ń pè ní Yamagata, tí wọ́n ti ń rán aṣọ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí kòrónà, kò sí ilé àyẹ̀wò kan tí ó tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́. Ìyá mi wo òkè àpótí rẹ̀, níbi tí ó ń kó àwọn aṣọ tí olówó wọn kò wá gbà sí.

"Kí wọ́n má tí ì tú u," ni ó wí. "Mo ní ọ̀kan níbí tí olówó rẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà."